Ilé làálì kan ní Kawo, Kaduna: iṣẹ́ gidi, ìdúró pípẹ́

Ẹ̀yin tó ń bi mí ní ibi tí mo ti ń lé làálì, ó ti sú mi láti máa júwe rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Tí ẹ bá ń bọ̀ láti apá Barnawa tàbí Sabon Tasha, ẹ sọdá odò, kí ẹ wọ kẹ̀kẹ́ tó ń gba Ali Akilu Road lọ sí Kawo. Ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó dé afárá, ẹ yà wọ àdúgbò, kí ẹ bèèrè ilé Hajiya tó ń lé làálì, Babarbariya, ìyẹn obìnrin Kanuri, tó ti Maiduguri wá. Kò sí pátákó. Obìnrin kan máa ń dín awara, wàrà sóyà, lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Tí ẹ bá ti gbọ́ òórùn awara, tí òórùn tùràrí sì tẹ̀ lé e, ẹ ti dé nìyẹn.

Ẹ má kàn wọlé o. Yàrá kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní zaure, ibẹ̀ ni ọkùnrin àlejò kì í kọjá. Ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ ké salamu alaikum, kí ẹ jẹ́ kí ọmọdé kan dá yín lóhùn. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, èmi náà ń ké e, ẹnu mi ò sì wọ́. Ẹ bọ́ bàtà. Ọkùnrin tó bá sìn yín wá, kó padà síta lọ ra awara jẹ, torí ó máa pẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa dé Kaduna, Barnawa la sì ń gbé, ní gúúsù odò. Ẹni tó bá mọ Kaduna mọ̀ pé láti ìgbà ìjà ọdún 2000, nígbà tí ọ̀rọ̀ Ṣàríà dá ìlú rú, ni oníkálukú ti ń kó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbàdúrà bíi tirẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ ní àríwá odò, àwa Kristẹni pọ̀ ní gúúsù. Ọkọ̀ ń kọjá lórí afárá, ọjà ń lọ, iṣẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n kí obìnrin Barnawa dédé dìde lọ sí Kawo nítorí pé ó fẹ́ ṣe ọwọ́ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn aládùúgbò mi kì í ṣe irú rẹ̀. Ọwọ́ obìnrin kan tó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa ni mo rí. Ìlà ibẹ̀ tín-ín-rín, ó sì gún. Mo ní kó fi ilé ẹni tó ṣe é hàn mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà, torí owó yín lẹ fẹ́ ná.

Làálì pupa ni ọwọ́ Hajiya mọ́ jù. Ewé gbígbẹ ló ń rà, á gún un, á fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́ títí tí kò fi ní sí pàǹtí kankan nínú rẹ̀. Omi àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló fi ń pò ó, á sì bò ó mọ́lẹ̀ títí tí àwọ̀ rẹ̀ á fi jáde. Á rọ ọ́ sínú ọ̀rá tó ká ṣóńṣó, á gé imú ọ̀rá náà, ìyẹn ló fi ń ya òdòdó àti ewé sẹ́yìn ọwọ́. Ọ̀nà mìíràn ló ń gbà ṣe ẹsẹ̀. Á gé sẹ́lótéèpù wẹ́wẹ́, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ní ìlà-ìlà, á wá fi làálì bo gbogbo rẹ̀, á fi ọ̀rá wé e. Tí wọ́n bá tú u, tí wọ́n bó sẹ́lótéèpù, ibi tó bò mọ́lẹ̀ á wà bí Ọlọ́run ṣe dá a, ìyókù á pọ́n. Àwọn àgbà tó ń wá síbẹ̀ ní, láyé ìgbà tiwọn, inú akèrègbè gígùn ni wọ́n ń ki ọwọ́ bọ̀, wọ́n á sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo dúpẹ́ pé mi ò tíì sí láyé nígbà náà.

Ẹ má bínú tí ẹ bá rí i pé ó jọ àwọ̀ ọsàn nígbà tí ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kúrò. Làálì gidi kì í ki lójú ẹsẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kó tó ki dáadáa. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló sì ń ki jù, torí awọ ibẹ̀ nípọn. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á. Tèmi ń lò tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ fífọ̀ ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sí ìwé àwòrán tí ẹ ó ti ṣà á o. Àwọn ọmọge máa ń gbé fóònù wá láti fi àwòrán Dubai hàn án. Hajiya á wò ó, á ní ó dára gan-an, á wá ya èyí tó wà lọ́kàn tirẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó fi ìbínú kúrò níbẹ̀.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ nínú márùn-ún, làálì dúdú ni mo torí rẹ̀ yọ ọ́. Kò sí ewé làálì tó ń dúdú bíi yíǹkì fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹ ń rí lọ́wọ́ àwọn ìyàwó, aró irun ni wọ́n pò mọ́ ọn, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ PPD sì wà nínú aró yẹn. Wọn ò ṣe é fún awọ ara. Mo ti rí ọwọ́ tó lé ròrò nítorí rẹ̀, tí ròrò náà sì bẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, aró irun tó bá fi sórí lọ́jọ́ iwájú lè tún dá wàhálà náà sílẹ̀. Hajiya mọ gbogbo èyí. Ó ní àwọn ìyàwó ló ń bèèrè rẹ̀, pé tí òun bá kọ̀, ilé kejì á ṣe é. A ti jà lórí rẹ̀ dáadáa. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé ẹni tó bá fẹ́ dúdú gbọ́dọ̀ wá ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí wọ́n fi ẹ̀kán kan sí i nínú apá wò bóyá ara rẹ̀ máa kọ̀ ọ́. Ẹ bèèrè fún un. Tó bá ní ọwọ́ òun dí, ẹ gba pupa kí ẹ máa lọ sílé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyíkéyìí nínú méjèèjì sára ọmọ ìkókó. Ọ̀pọ̀ ọmọ nílẹ̀ wa ló wà tí G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Làálì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bí káńfọ̀ tí ẹ ń kó sáàárín aṣọ ọmọ ṣe lè fọ́ ọ, kí ibà pọ́njú mú un, kí ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ìwòsàn lóru. Mo sọ èyí lórí ẹní nínú ilé náà, ìyá àgbà kan sì pòṣé sí mi. Ó ní gbogbo ọmọ tí òun bí ni òun lé e fún, wọ́n sì wà láàyè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó gbé ìkókó dání kò fèsì kankan, àmọ́ ó ká ọwọ́ ọmọ náà wọ inú aṣọ.

Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oníbàárà ló ní ìtàn nínú.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé yẹn, àga ni wọ́n gbé fún mi. Gbogbo obìnrin tó kù wà lórí ẹní, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n gbọ́kẹ̀ lé ògiri. Èmi nìkan ni mo wà lókè lórí àga ike bí adájọ́. Wọ́n fi tíréè gbé omi tútù wá. Wọ́n ní kí àwọn tó ti ń dúró láti àárọ̀ sún sẹ́yìn, wọ́n sì ṣe tèmi ṣáájú tiwọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kí n tó wọlé, tí mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti zaure, dá wáí. Wọ́n wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ bi mí pé ṣé mo fẹ́ràn Kaduna. Mo ní mo fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní ó dára. Ó parí síbẹ̀. ₦5,000 ni mo san, ẹ̀yìn náà ni mo tó gbọ́ pé ₦3,000 ni gbogbo ayé ń san.

Ẹlòmíràn á torí owó yẹn bínú. Èmi ò bínú, èmi náà ti dín owó Mọ́la tó ń ta ata kù lọ́jà rí, kí wọ́n gba díẹ̀ sí i lọ́wọ́ mi. Àga yẹn gan-an ni kò bá mi lára mu. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé nílẹ̀ yìí mọ ohun tí mo ń sọ. Wọ́n á ṣe yín dáadáa, wọ́n á fún yín lóúnjẹ, wọ́n á sì ti fi inú rere yẹn ṣe ọgbà yí yín ká.

Hausa mi ò ràn mí lọ́wọ́. Hausa wọ́ọ̀dù ni mo gbọ́: zauna (jókòó), kwanta (dùbúlẹ̀), buɗe baki (la ẹnu), ina ke miki ciwo (ibo ló ń dùn ọ́), kwana nawa (ọjọ́ mélòó). Àṣẹ àti ìrora ni gbogbo rẹ̀. Mo lè bèèrè iye ọjọ́ tí inú ti ń run èèyàn, ṣùgbọ́n mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti fi yin ìró ẹni tó jókòó tì mí. Lọ́jọ́ kan mo bá ọmọdébìnrin kan sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo fẹ́ kó jókòó tì mí ni. Ohùn wọ́ọ̀dù ló jáde lẹ́nu mi. Ọmọ náà jókòó, ó la ẹnu, ó na ahọ́n síta fún mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹní mì tìtì fún ẹ̀rín. Ní ti ìkíni ṣá, Yorùbá kì í sọnù nílẹ̀ Hausa. Kí wọ́n bèèrè ilé, kí wọ́n bèèrè iṣẹ́, kí wọ́n bèèrè àwọn ọmọ, kí wọ́n bèèrè òtútù, ká máa dá a padà lọ́kọ̀ọ̀kan láìkánjú, ṣebí ibi tí wọ́n ti tọ́ wa nìyẹn.

Àwọn ìbejì mi ló gbé mi kúrò lórí àga. Ìgbà ọlidé ni, kò sí ẹni tí mo lè fi wọ́n tì, ni mo bá kó wọn dání. Ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Hajiya bèèrè orúkọ wọn, mo ní Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ó ní rárá, Hassan àti Hussaini ni. Bí tiwọn náà ṣe rí nìyẹn, àmútọ̀runwá ni orúkọ ìbejì lọ́dọ̀ wọn, èyí tí wọ́n bá sì bí tẹ̀ lé ìbejì, Gambo ni wọ́n ń pè é, bí àwa ṣe ń pe tiwa ní Ìdòwú. Inú gbogbo wa dùn. Hajiya mú súìtì jáde, ó nà án sí Táíwò, ó ní ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ gbà. Mo ní Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n.

Ilé dàrú! Báwo ni ẹni tó kọ́kọ́ jáde ṣe máa jẹ́ àbúrò? Mo ṣàlàyé pé Kẹ́hìndé ló rán Táíwò lọ tọ́ ayé wò, pé àgbà ló ń rán ọmọdé níṣẹ́. Ìyá àgbà tó pòṣé sí mi yẹn ní kí n dákẹ́, pé Hasan ni ẹ̀gbọ́n Husain, ọmọ-ọmọ Ànábì ni wọ́n, ta ni mo fẹ́ bá jiyàn. Mo ní lọ́dọ̀ tiwọn nìyẹn, ṣùgbọ́n inú tèmi ni àwọn méjì yìí ti jáde. Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ ni mo ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, torí èèyàn ò lè bá ẹni tó wà nílẹ̀ jiyàn láti òkè kó dùn. Ni obìnrin kan tó ń dúró de ẹsẹ̀ rẹ̀ kó gbẹ bá ní, «Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gbé ìwọ síwájú wa ní gbogbo ìgbà! Lọ́dọ̀ ẹ̀yin Yarbawa, ẹni tó dé kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n!»

Ta ló máa gbọ́ irú èyí tí kò ní rẹ́rìn-ín? Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo ń tò bí gbogbo èèyàn. Àga yẹn ṣì wà, àlejò mìíràn ló ń jókòó sí i. Owó mi náà di ₦3,000 láìsí pé mo bá ẹnikẹ́ni ná an. Orúkọ mi di Maman 'Yan Biyu, Ìyá Ìbejì náà ni, bí wọ́n ṣe ń pè mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá wà ní zaure. Obìnrin Fúlàní kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti wọlé báyìí, á ní níbo ni ẹrú òun wà, Hajiya á sì dáhùn pé ẹrú lásán ló ń pe olówó rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àyà mi kọ́kọ́ já. Àṣé àwọn Fúlàní àti Barebari, ẹ̀yà Hajiya, ti ń bá ara wọn ṣàwàdà bẹ́ẹ̀ látayébáyé, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bínú. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú tó ń fi ìtàn Bayajidda bú mi. Ẹ mọ ìtàn náà: ó pa ejò inú kànga Daura, ó fẹ́ ayaba, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ojúlówó da ìlú Hausa méje sílẹ̀, Kano, Katsina, Zazzau àti àwọn tó kù. Àwọn méje kejì wá wà tí wọ́n ń pè ní Banza Bakwai, àwọn tí kò níláárí, wọ́n sì ka Yorùbá mọ́ wọn pẹ̀lú Nupe àti Gwari. Olùkọ́ yìí ní kí n má bínú, àbúrò àwọn ni mí, láti yàrá ẹ̀yìn. Mo ní Odùduwà ò gbọ́ orúkọ Bayajidda rí. Hajiya ní àwọn méjèèjì ń pariwo lásán, pé Borno ni Bayajidda ti kọ́kọ́ gbé ìyàwó kó tó mọ ọ̀nà Daura. Láàárín gbogbo èyí ni wọ́n ti ń gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀, ọmọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbẹ, tàbí wọ́n á ní kí n gé ọsàn wẹ́wẹ́, kí n tún iná sí èédú tùràrí.

Ẹ̀dùn ọkàn tó wà nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí mo jẹ́ àlejò, wéré ni mo ń ṣe tán. Nísinsìnyí, mo lè lo gbogbo ọ̀sán. Tó bá ku ọjọ́ méjì sí Iléyá tàbí ọdún Ààwẹ̀, ẹ má dán an wò rárá àfi tí ẹ bá ti lè dé kí oòrùn tó mú. Tí ìyàwó bá wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbogbo yín á dìde fún wọn, kò sì sí ẹni tó máa bẹ̀ yín. Tó bá jẹ́ ilé ìṣọ̀ṣọ́ ní Barnawa ni, mi ò ní gbà á.

Níbi tiwa náà ńkọ́? Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí mo na ọwọ́ gba Oúnjẹ Olúwa, ojú àwọn ẹgbẹ́ obìnrin kò sí lára búrẹ́dì. Ẹnì kan bi mí ní gbangba pé ṣé ìyàwó Gàm̀bàrí ni mo fẹ́ dà ni. Mo ní tó bá jẹ́ kútẹ́ẹ̀sì ni mo kùn, ẹ ò ní bi mí bóyá ìyàwó Òyìnbó ni mo fẹ́ dà. Ó dákẹ́, ṣùgbọ́n kò gbà.

Ti ìyá mi ló yà mí lẹ́nu. Ó pè mí lórí fídíò nígbà tí mo wà lórí ẹní níbẹ̀, ó rí ọwọ́ mi, ojú rẹ̀ sì le. Hajiya gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó ní, «Mama, ina wuni?» Ìyá mi, tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí mi ò gbọ́ Hausa lẹ́nu rẹ̀ rí láti ìgbà tí ó ti bí mi, dáhùn pé, «Lafiya lau. Yaya gida? Yaya yara?» Wọ́n bá ara wọn lọ títí. Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Hausa Gánà nìyí. Òótọ́ ni. Kumasi ni wọ́n bí ìyá mi sí, ní Zongo, àdúgbò tí àwọn àjèjì ń gbé, Yorùbá àti Hausa àti àwọn mìíràn, Hausa sì ni gbogbo wọn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà mi tajà níbẹ̀ títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo padà pe ìyá mi lálẹ́, kò sọ̀rọ̀ làálì mọ́. Ó ní, «Wọ́n fẹ́ràn wa ní Kumasi náà o. Àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ ìyá mi ló bá wa di ẹrù.»

Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀ fún un. Nígbà ìdìbò ọdún 2023, Hajiya fúnra rẹ̀ pè mí pé kí n má tíì wá, kí n jẹ́ kí ìlú rọlẹ̀. Àwọn ìbejì mi, Kaduna ni mo bí wọn sí, Hausa wọn sì dán ju tèmi lọ fíìfíì. Síbẹ̀, tí fọ́ọ̀mù bá dé láti ilé-ìwé, tí wọ́n bèèrè ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wá, Ọ̀yọ́ la ń kọ. Ọmọ Hajiya, tí òun náà ń lọ ilé-ìwé níbí láti ìgbà tí Boko Haram ti lé wọn kúrò ní Maiduguri, Borno ló ń kọ. Ilé tí Hajiya ti ń lé làálì yìí, ó háyà rẹ̀ ni, onílé sì ti fi owó kún un.

Ó ń ta tùràrí náà, èyí tí wọ́n ń pò ní Maiduguri, nínú ìgò. Èyí tó jẹ́ igi ni kí ẹ rà, ẹ fi í lé ẹyín èédú, òórùn rẹ̀ á wà lára kọ́tìnì yín di ọjọ́ kejì. Èyí tó jẹ́ lúbúlúbú ń rú èéfín jù. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée nílé, kó fi méjèèjì sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n Hajiya, wọ́n ta àǹkóò fún mi, yáàdì mẹ́fà, wọn ò sì dín kọ́bọ̀. Mo fi rán ìró àti bùbá. Wọ́n ní aṣọ náà pọ̀ lára mi jù, mo ní tiwọn ló há. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi ni mo wé gèlè fún ìyá ìyàwó, kí n tó pajú dé, ogunlọ́gọ̀ ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ mi ro mí. Ó wá kù díẹ̀ kí n jókòó, wọ́n gbé ìwé àti bírò fún mi, wọ́n ní kí n máa kọ gudunmawa, orúkọ ẹni tó mú owó wá àti iye tó mú wá, torí gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa san padà lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹni náà. Tiwa náà ò kúkú yàtọ̀. Àwọn ìbátan méjì kan ti ń jà tẹ́lẹ̀ lórí ẹni tó máa di ìwé yẹn mú. Mo fura pé nítorí pé mi ò sí nínú ẹbí kankan ni wọ́n ṣe gbé e fún mi. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó dára náà. Mo kọ ọ́ tán, kò sí kọ́bọ̀ tó wọ́.

Ó yá, èyí tí ẹ fẹ́ mọ̀. Ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀yìn nìkan, ₦3,000. Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ kún un, ₦5,500. Ti ìyàwó, ẹ lọ bá a sọ ọ́ fúnra yín. Wọ́n lè kọ́kọ́ gba owó àlejò lọ́wọ́ yín, ẹ san án tàbí kí ẹ ná an pẹ̀lú ẹ̀rín, àmọ́ ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ iye rẹ̀ fún yín. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kì í bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n á fi kírun tán. Nínú ààwẹ̀, lẹ́yìn ìṣínu ni kí ẹ lọ. Ọmọdé lè tẹ̀ lé yín. Omi wà, ilé ìyàgbẹ́ mọ́, iná mànàmáná ń lọ, ó ń bọ̀, fóònù yín ni ẹ máa tàn sí ọwọ́ yín tó bá di alẹ́. Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin. Kò ní POS. Ẹ mú owó lọ́wọ́, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì. Orúkọ ọkùnrin kan ló máa jáde lórí fóònù yín, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Damaturu ni, ẹ má torí ìyẹn fà sẹ́yìn. Owó náà ń dé ọwọ́ rẹ̀.